Ọdẹ́rìndé Àti Ọgbà Tí Òfo Jókòó Sí

Ẹ sún mọ́ra, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí ibi jókòó. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe, kí ó yáa wúkọ́ rẹ̀ tán nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ìtàn bí mo ṣe fi ọwọ́ òsì fa ìrù ẹkùn títí ẹkùn fi ń bẹ̀ mí ni ẹ wá gbọ́. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́rìndé ni mo fẹ́ sọ, ọ̀gá tí ó kọ́ mi ní iṣẹ́ ọdẹ, ọkùnrin tí kò lè jókòó.

Mo ní kò lè jókòó. Bí ó bá ń jẹun, yóò ti dìde lẹ́ẹ̀mejì kí òkèlè tó dé ọ̀nà ọ̀fun. Bí ó bá sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rìn lórí ẹní. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé ọkọ lòun ní kí wọ́n fún òun, atẹ́gùn ni wọ́n gbé wá. Ohun kan ṣoṣo ní ń mú ara ọkùnrin náà rọlẹ̀, ajá rẹ̀ ni. Ẹ mọ̀ pé àwa ọdẹ kì í dédé sọ ajá lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí a bá fẹ́ sọ sí aládùúgbò létí ni a fi ń sọ ajá, kí a lè máa pè é lójú rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Jẹ́nsinmi ni Ọdẹ́rìndé sọ tirẹ̀. Abo ajá pupa ni, etí rẹ̀ kan ti ya níbi tí òun àti ìmàdò ti jọ wọ̀yá ìjà. Bí Jẹ́nsinmi bá ti gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ọkùnrin yẹn á mí kanlẹ̀, ara rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ní Òkè-Ìsun tí wọ́n ń gbé, odò kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú gbójú lé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, odò a fà. Àṣà tí wọ́n bá láyé ni pé kí àwọn ọdẹ mú ajá wọn lọ so mọ́ igi nínú Igbó Agbémì, kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí omi lè kún. Wọ́n ní bí ajá bá ṣe pọ̀ tó ni omi yóò ṣe ga tó. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwa ọdẹ náà ni. Bí a bá ń sun ìjálá, a ó dárúkọ ọdún tí a fa ajá rẹpẹtẹ kalẹ̀ tí omi sì gun ẹnu ọ̀nà ààfin. Ọdún tí a fa ajá rẹpẹtẹ tí àwọn àkèré sì ń sunkún nínú ẹrẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò fi ìyẹn sun ìjálá? Ọdẹ kì í ròyìn ọjọ́ tí ó bọ̀ lófo. Ìwọ Lápàdé, má rẹ́rìn-ín, mo rí ọ bí o ṣe ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lánàá.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, odò fà débi pé ẹrẹ̀ ni àwọn obìnrin ń fi igbá gbọ́n. Gbogbo ọdẹ ti fa ajá tiwọn kalẹ̀ tán. Jẹ́nsinmi nìkan ló ṣẹ́kù ní ìlú. Wọ́n wá mú un, wọ́n so ó mọ́ òpó ààfin, wọ́n ní ọjọ́ tí oṣù bá lé ni òun náà yóò wọ igbó.

Ọdẹ́rìndé sáré dé ààfin. Kò tíì dọ̀bálẹ̀ délẹ̀ tó ti dìde.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ajá mi yìí, ṣé ó dá yín lójú pé yóò gbé omi sókè?"

Ọdẹ́jàyí ni ó dá a lóhùn. Òun ni Olúọdẹ, àgbàlagbà tí ó ti fa ajá kalẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. "Ìwọ ọmọ yìí! Ajá tèmi tí mo fà, ṣé ewúrẹ́ ni? Mo fà á, n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀."

"Bàbá, ẹ má bínú. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, ṣé ajá ló gbé omi sókè, àbí òjò tí ì bá rọ̀ náà ló rọ̀?"

Ọba wò ó títí. Ọba náà kì í sùn dáadáa bí ajá bá ń ké nínú igbó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlú kọjá ọ̀rọ̀ oorun. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, n kò bá ajá jà. Omi ni mo fẹ́ fún àwọn ènìyàn mi. Lọ wá òótọ́ ọ̀rọ̀ náà wá. Bí oṣù bá lé kí o tó dé, ajá á lọ."

Ọdẹ́rìndé wo ojú Jẹ́nsinmi. Jẹ́nsinmi jùrù. Ọkùnrin náà yíjú padà kíá, nítorí omi ti lé sí i lójú, ó sì wọ igbó lọ.

N kò ní fi ọ̀nà tó gbà dá yín lágara. Iwin olórí méjì tí ó dènà dè é, ó fi orí rẹ̀ méjèèjì kọlu ara wọn. Odò tí ń ṣàn lọ sókè, ó fò ó. Ohun tí n kò lè ṣàìsọ ni ìlú tí ó já sí. Orúkọ ìlú náà ni Ọdún-Kì-Í-Kú, gbogbo ọdún tí ó ti kọjá lórí Òkè-Ìsun ni ó sì ń gbé níbẹ̀ bí ènìyàn. Ọdún kọ̀ọ̀kan so okùn ajá mọ́ ìdí: iye ajá tí wọ́n fà lọ́dún náà ni iye okùn. Omi odò náà sì ti fi àmì sí wọn lára. Ọdún tí odò kún, àmì rẹ̀ dé ọrùn. Ọdún tí odò fà, àmì rẹ̀ kò kọjá kókósẹ̀.

Ìyá arúgbó kan ni olórí wọn, Ìyá Adánwò. Ojú rẹ̀ kan ń wo iwájú, èkejì ń wo ẹ̀yìn. Kò kí Ọdẹ́rìndé, ìbéèrè ló fi pàdé rẹ̀.

"Ọdẹ, kí ni ń gòkè tí kò lẹ́sẹ̀, tí ń sọ̀ kalẹ̀ tí kò ṣubú?"

"Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá, ajá mi wà lórí ìso."

"Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni o wá wá," ni arúgbó wí. Ó pàtẹ́wọ́. Àwọn Ọdún kan jáde wá, àwọn tí wọ́n sanra, tí wọ́n múra, tí wọ́n ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Àwọn tí ọdẹ ń fi sun ìjálá ni. Ó tò wọ́n sórí pápá: àwọn tí okùn ìdí wọn kéré sọ́wọ́ òsì, àwọn tí tiwọn pọ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ni iwin méjì tí ń bá arúgbó náà ṣiṣẹ́ fa okùn gígùn kan tán-án-tán láti òpin kan dé èkejì, wọ́n sì jẹ́ kí ó la àárín àwọn àmì omi náà kọjá, kí èyí tó wà lókè okùn àti èyí tó wà nísàlẹ̀ má baà rẹ́ ara wọn jẹ. Okùn náà gòkè lápá ọ̀tún.

Ọdẹ́rìndé ké igbe. "Yéè! Ó gòkè! Níbi tí ajá pọ̀ sí ni omi ga sí! Jẹ́nsinmi mi ti lọ nìyẹn."

"Okùn kan ṣoṣo ni o rí tí o fi ń pohùn réré ẹkún," ni Ìyá Adánwò wí. Ó ní kí Ọdún díẹ̀ kúrò lórí ìlà, kí díẹ̀ mìíràn rọ́pò wọn. Okùn náà tẹ̀ sílẹ̀. Ó tún pààrọ̀ wọn, okùn náà gòkè fíofío. Ó tún un ṣe, okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dorí kodò. Okùn kò sinmi, Ọdẹ́rìndé kò sinmi, àwọn méjèèjì ń yí kiri bí ẹni tí eèrà wọ̀ ní ṣòkòtò.

"Ṣé o rí i? Bí àwọn tó jẹ́ ìpè bá yàtọ̀, okùn á yàtọ̀. Nítorí náà ni èmi kì í fi í gba ọ̀rọ̀ okùn kan gbọ́. Ọgbà ni mò ń ṣe." Ó ri òpó kan mọ́ ibi tí okùn ti lè gòkè jù, ó ri èkejì mọ́ ibi tí ó ti lè sọ̀ kalẹ̀ jù, ó sì so ọgbà yí àárín wọn ká. "Inú ibí yìí ni òótọ́ ń gbé. N kò ní purọ́ fún ọ: bí mo bá ṣe irú ọgbà yìí nígbà ogún, òótọ́ a máa bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Pàkúté wo ni kì í tàsé?"

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, pàkúté tèmi kì í tàsé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa bọ̀.

Arúgbó ké sí ẹnì kan, "Òfo o!" Ọkùnrin pẹlẹbẹ kan jáde. Kò ga, kò kúrú, kò tẹ̀ síwájú, kò tẹ̀ sẹ́yìn. "Èyí ni ẹni tí ẹ̀yin ọdẹ lé kúrò nílùú. Bí Òfo bá jẹ́ òótọ́, fa ajá kan, fa ọgọ́rùn-ún, omi kò gbọ́, omi kò mọ̀. Bí ọgbà mi bá tì í síta, ajá ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ omi. Bí ó bá rí ibi jókòó nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ búra pé ajá ń gbé omi sókè."

Òfo wọlé, ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ kò.

Ọdẹ́rìndé fò sókè, ó fẹ́ máa sáré lọ sílé. Arúgbó gbá a lẹ́wù mú. "Ta ló tún wà nínú ọgbà?"

Ọdẹ́rìndé wò ó. Òmìrán kan jókòó ti Òfo, ó ń jẹ iyán. "Apá-Gígùn lorúkọ rẹ̀," ni arúgbó wí. "Bí òun bá jẹ́ òótọ́, ajá kan á gbé omi sókè ní gígùn apá ènìyàn. Ọgbà gba òun náà. Bí o bá délé tí o ní Òfo nìkan lo rí, o parọ́ nìyẹn. Bí ọgbà yìí ṣe fẹ̀ tó ni àìmọ̀ wa ṣe fẹ̀ tó."

"Ìyá, kí ni mo lè ṣe kí ọgbà náà lè súnkì?"

"Àwọn Ọdún tó wá kò pọ̀, iye okùn ìdí wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó dúró sójú kan kò lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń gòkè. Lọ wá àwọn tí ẹ kò fi sun ìjálá rí."

Inú igbó kan báyìí ni àwọn yẹn sá pamọ́ sí, Igbó Àìròyìn. Ajẹ̀yangàn ní ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀, ẹranko tí ẹnu bò lára bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọdẹ́rìndé ṣe bí ọdẹ ti ń ṣe, ó yọ idà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀: "Èmi Ọdẹ́rìndé, apẹfọ̀n-bí-ẹni-pẹran-ilé! Èmi tí kìnnìún rí tó ṣe bí ẹni ń wá nǹkan nílẹ̀!" Gbogbo ẹnu ara ẹranko náà la, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ẹranko sì wú. Ọdẹ́rìndé tún fi òmíràn kún un, ẹranko ga ju ìrókò lọ. Bí ó ṣe ń yangàn ni nǹkan náà ń sanra, títí tí èémí rẹ̀ fi ń gbé fìlà ọdẹ lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹranko yẹn ì bá bẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìyangàn tèmi pọ̀ ju ikùn rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá mi rántí oṣù tó ń bọ̀. Ó ju idà sílẹ̀. Ó ní, "Ó dára. Ọjọ́ kan, mo ṣọ́ àgbọ̀nrín láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kùkùté ni." Ẹnu kan pa dé. "Ọjọ́ kan, ọ̀yà bọ́ sínú àpò mi fúnra rẹ̀, ó sì gba ojú ihò àpò jáde." Ẹnu púpọ̀ pa dé. Ó ń sọ ọ́ lọ, ẹranko ń joro lọ, nígbà tó fi máa dé orí ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ra ẹran lọ́jà tí òun ọdẹ sì ní òun lòun pa á, Ajẹ̀yangàn ti di aláǹgbá. Ó mirí sí i lẹ́ẹ̀kan, ó sì sá sábẹ́ ewé.

Inú igbó náà dákẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn Ọdún tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ jókòó sí, wọ́n fi ewé bo àmì ara wọn. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí kò so okùn kankan, àmì omi sì dé ọrùn rẹ̀. "Ọdún mi, ẹ kò fa ajá kankan," ni ó wí. "Odò sì kún. Ta ni yóò fi mí yangàn nínú yín?" Ọkùnrin tí ó jókòó tì í so okùn yí ìdí po, àmì omi rẹ̀ kò sì kọjá kókósẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ ra okùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ra ajá lórí. "Gbogbo wọn," ni ó wí, "gbogbo wọn ni wọ́n ké títí ohùn wọn fi tán." Ọdẹ́rìndé jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Ọkùnrin tí kò lè jókòó ni mo ní ó jókòó.

Wọ́n tẹ̀ lé e. Wọ́n pọ̀, wọ́n kún pápá, okùn ìdí wọn láti orí òfìfo dé orí rẹpẹtẹ. Àwọn iwin fa okùn gígùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn òpó ọgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀, wọ́n ń sún mọ́ ara wọn. Ọgbà ti Apá-Gígùn síta tòun ti àwo iyán rẹ̀. Ó ń sún, ó ń sún, ó kù díẹ̀ kó fún Òfo mọ́lẹ̀, ó sì dúró. Òfo ṣì jókòó níbẹ̀. Lápá òkè rẹ̀, ẹni tó ga jù tí ọgbà lè gbà ní omi tí ajá kan ń gbé sókè kò nípọn ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ. Lápá ìsàlẹ̀, irú rẹ̀ kan náà ló dojú bolẹ̀, tí ń sọ pé ajá ń fa omi sẹ́yìn.

"Nísinsìnyí," ni Ìyá Adánwò wí, "o ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Kó àwọn ẹlẹ́rìí rẹ dání. Má sì sọ ju ohun tí ọgbà sọ lọ."

Ìrọ̀lẹ́ ni ó wọ Òkè-Ìsun, àwọn Ọdún tò gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn iwin ru okùn àti òpó ọgbà, Òfo sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Oṣù ti lé tín-ín-rín lójú ọ̀run. Ọdẹ́jàyí ti tú Jẹ́nsinmi, ó ti fà á dé ẹnu ibodè, gbogbo ìlú sì ń tẹ̀ lé e.

"Ẹ dúró!" Ọdẹ́rìndé já wọ àárín wọn. "Kábíyèsí, mo ti dé, mo kó ẹlẹ́rìí wá."

Àwọn ènìyàn fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ìyá kan ké jáde, "Háà! Mo mọ èyí! Ọdún tí mo relé ọkọ ni!" Bàbá kan ní, "Èyí ni ọdún tí iṣu mi gbẹ mọ́ ebè. Ajá la fà lọ́dún yẹn bí ẹní da ọkà!" Ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọ́n dá gbogbo wọn mọ̀, àní àwọn tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rí. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fa okùn náà. Wọ́n fi ojú ara wọn rí ọgbà, wọ́n rí Òfo nínú rẹ̀.

Ọba ní, "Ọdẹ́rìndé, ṣé o lè búra pé ajá kò ṣe nǹkan kan fún omi?"

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ajá rẹ̀ yè.

"Kábíyèsí, n kò búra. Òfo wà nínú ọgbà, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá búra pé ajá ń gbé omi sókè, kò rí ibi dúró. Èmi náà tí mo bá búra pé kò gbé nǹkan kan, n kò rí ibi dúró. Ohun tí mo lè sọ kò ju èyí lọ: bí ajá bá tilẹ̀ ń gbé e, ibi tó ga jù tí ọgbà gbà kò nípọn ju ìka ọmọ ọwọ́. Kábíyèsí, ta ni yóò so ohun tó fẹ́ràn mọ́ igi, nítorí omi tí kò lè rin ọmọ ọwọ́ ní ìka?"

Ọba ṣí adé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. "Ní àárọ̀ ọ̀la," ni ó wí, "kí olúkúlùkù gbé ọkọ́ rẹ̀. A ó gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò títí a ó fi bá omi. Ajá kankan kò ní wọ igbó mọ́."

Ẹ rò pé wọ́n hó ìhó ayọ̀? Wọn kò hó. Ọdẹ́jàyí dúró, okùn Jẹ́nsinmi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbàlagbà náà ní, "Àwọn tèmi ńkọ́?"

Ọdẹ́rìndé gbé ẹsẹ̀ kan sún mọ́ ọn.

Olúọdẹ kọjú sí Igbó Agbémì, ó sì ké pẹ̀lú ohùn tí ó fi ń pe ajá nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ọ́, "Ojúlarí! Ojúlarí ò! Ẹ̀yìnlàárò! Tanímọ̀la! Má-Fi-Mí-Sílẹ̀!" Ọdẹ mìíràn bọ́ síwájú, ó ń ké, "Ìwàlẹ̀sìn! Ìwàlẹ̀sìn dà?" Òmíràn ń ké, "Báńkálẹ́! Báńkálẹ́!" Gbogbo ọdẹ ìlú ń pe ajá wọn níwájú igbó, ohùn wọn ń gorí ara wọn, igbó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò dáhùn.

Nígbà tí wọ́n dákẹ́, Ọdẹ́jàyí la ọwọ́ rẹ̀. Okùn náà bọ́ sílẹ̀.

"Jẹ́nsinmi," ni Ọdẹ́rìndé wí. Kò tilẹ̀ ké.

Ajá pupa náà sáré wá. Ọ̀gá mi jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, láàárín ọ̀nà, níwájú ọba àti ìjòyè, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ajá sì gbé orí lé e. Ọdẹ́jàyí wá jókòó tì í. Nígbà tó yá, àgbàlagbà náà na ọwọ́, ó gbé e lé etí ajá tó ya yẹn, kò sì gbé e kúrò.

Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí. Àwọn jókòó, èmi ń dìde. Ẹ kú ìkàlẹ̀.